Kí Pọ́ìntì Wa Má Baà Kú

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Ọ̀wàrà

Ímeèlì Òtẹ́ẹ̀lì Arrayán ti dé. "Mireya wa ọ̀wọ́n, àárò rẹ ń sọ wá." Irọ́ gbáà! Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kí ni ẹ̀rọ mọ̀ nípa àárò? Síbẹ̀ mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹlòmíì tó ń sọ irú ẹ̀ fún mi.

Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ gan-an wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bí mi ò bá sùn, tí mi ò jẹ, tí mi ò mu nínú èyíkéyìí nínú ilé wọn kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Bélú tó pé, gbogbo pọ́ìntì mi á kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Ọdún tí wọn ò bá rí ẹsẹ̀ rẹ rárá, wọ́n á gbá gbogbo ẹ̀ dànù.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún pọ́ìntì, ó lé díẹ̀. Alẹ́ méje ní Manta, yàrá tó kọjú sí òkun, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Lójú tèmi, kò yẹ kó tó èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì yìí kò mọ ìṣirò. Mi ò ní pe àkíyèsí wọn sí i.

Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kọfí kan ni mo máa ń lọ mu ní Arrayán ti Loja níbí, lóṣù Ọ̀wàrà, láti fi jí wọn. Kọfí kan ti tó. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, rárá o. Mi ò mu kọfí jíjí kankan. Mo máa lọ ná an ni.

Ọ̀gá ń pè mí. (Màmá ni Ọ̀gá nínú ìwé yìí. Kò gbọdọ̀ rí i.)


Ọjọ́rú, 8 Oṣù Ọ̀wàrà

Kí n kọ ọ́ síbí, nítorí kò sí ibòmíì tí mo lè sọ ọ́ sí.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi gbé báàgì oògùn ọkàn kiri ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Machala, Guayaquil, Manta. Ọjọ́ Ajé mo lọ, ọjọ́ Ẹtì mo dé. Ilé-iṣẹ́ ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì, èmi ń gba pọ́ìntì. Manta ni mo ti pàdé Lisandro. Oògùn ojú lòun ń polówó, fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ará etí òkun pọ́ńbélé, ohùn rẹ̀ ga, ẹ̀rín rẹ̀ ga jù ú lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ sí Sípéènì tipẹ́.

Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tiwa. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Á ti ra bolón kan fún ara rẹ̀ — ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí wọ́n gún, tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú, ó tóbi tó ìkúùkù — àti kọfí méjì. Á fi àwo kékeré dé tèmi lórí kó má baà tutù. Bí mo bá pẹ́, á máa ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ ọmọ.

Tí ó bá wá kan owó, á ní kí ọmọ tó wà ní káńtà kọ gbogbo rẹ̀ sí nọ́ńbà tèmi. Nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ mi ni nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ náà ni fún gbogbo èèyàn. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló mọ̀ sórí. Mo ní, "Lisandro, pọ́ìntì ẹ nìyẹn o, má ṣe báyìí." Ó ní, "Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, kí ni mo fẹ́ sanwó wò nínú òkun? Ẹ̀yin ará orí òkè lẹ nílò ẹ̀." Ọdún mọ́kànlá! Àwọn ọkùnrin mìíràn á fún èèyàn ní òdòdó. Èyí, pọ́ìntì.

Òun náà ló kọ́ mi ní òfin wọn. "Bélú ni kó o máa ṣọ́, Mireya. Bélú ni ọdún wọn ń parí. Kọfí kan péré, á jí."

Oúnjẹ àárọ̀ tó kẹ́yìn, oṣù Ẹrẹ́nà, 2022. Ó bi mí pé, "Nígbà wo la máa ná an?" La, ó wí, kì í ṣe lo. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní, "Tí ara Màmá bá yá." Ó wo òkun títí, ó ní, "Pọ́ìntì kì í dúró de èèyàn o."

Ọ̀sẹ̀ kejì, ilé-iṣẹ́ ní kí n máa lọ ilé. Wọ́n gba báàgì, wọ́n gba fóònù. Fóònù wọn ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni nọ́ńbà gbogbo ayé mi wà. Kò mọ ilé wa. Èmi náà kò mọ tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ rèé.

Òmùgọ̀ ni mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí n tún gbàgbé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo lá àlá òkun. Ọ̀gá ló jí mi, ó ní iná gáàsì ń jó. Kò jó.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo pe Mínísítà. Efrén, àbúrò mi ní Quito, tó ń ṣèlérí bí ẹni tó ń du ipò. Mo ti gbára dì fún ìjà, ṣùgbọ́n kò jà rárá.

Ó ní, "Ñaña, ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí o ń bẹ̀ mí? Ìyá tèmi náà kọ́ ni?" Ó ní ìsinmi àwọn òkú ń bọ̀, òun á gba ọ̀sẹ̀ kan lé e, òun á dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní Bélú, òun á jókòó ti Màmá títí di ọjọ́ kẹsàn-án. "Lọ wo òkun rẹ, ñaña mi. O ti ṣiṣẹ́."

Mo sunkún lẹ́yìn tí mo pa fóònù. Pé "o ti ṣiṣẹ́" ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo pe Arrayán lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ méje, láti ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kí n mọ̀ pé yàrá tí mo gbà kò ní jí pọ́ìntì, àfi tí mo bá sùn níbẹ̀. Mo ní mo mọ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Ọ̀wàrà

Targelia wá láti ilé kejì pẹ̀lú tamal gbígbóná, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n sè nínú ewé, ó bá mi níbi tí mo ti ń gbé aṣọ ìwẹ̀ òkun wọ̀ lórí aṣọ ilé. Kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Ẹ gbà mí! Ta lo fẹ́ lọ dẹ́rù bà?"

Mo ní òkun ni mo ń lọ wò.

"Òkun, àbí ọkùnrin? Ẹni àádọ́ta ọdún lé mẹ́jọ kì í wọ aṣọ pupa nítorí ẹja."

Mo ní kó gbé tamal rẹ̀ máa lọ. Kò lọ. A jẹ ẹ́ pọ̀, a mu hóríchátà, tíì ewé tiwa, Ọ̀gá sì ń bi wá léraléra ta ló ń ṣègbéyàwó. Targelia ò mọ nǹkan kan nípa Lisandro. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn, imú rẹ̀ mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ni àwọn olóògùn máa ń wà ní Manta. Bí kò bá tíì fẹ̀yìn tì. Bí kò bá tíì yí ọ̀nà padà. Bí mo bá jókòó sí tábìlì yẹn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, ó ní láti wọlé lọ́jọ́ kan. Mi ò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀kùn ṣí, kó jẹ́ òun.

Irọ́ ni. Mo fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.


Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Ọ̀wàrà

Bàtà mi ẹsẹ̀ kan sọnù. Dúdú, tó rọ̀. Mo wá a kárí ilé. Abẹ́ ìrọ̀rí Ọ̀gá ni mo ti rí i.

"Màmá, kí ni bàtà mi ń wá lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Bàtà wo?"

"Èyí tí ẹ gbórí lé."

Ó ní, "Ọjọ́ Ajé lo tún fẹ́ lọ, ṣé mi ò mọ̀ ni? Báàgì rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà." Mo ní mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ti kọjá. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Inú bí mi. Mo gba bàtà mi, mo lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé títí inú mi fi rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo ti di ẹrù. Ọ̀la.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Bélú

Mínísítà kò wá.

Aago mọ́kànlá ló pè. Mo ti ṣe repe sílẹ̀, ọbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ràn. Ó ní àwọn ará ilé ìyàwó òun ti háyà ilé kan ní Atacames fún ìsinmi, ìyàwó ò sọ fún òun, wọ́n ti sanwó, àwọn ọmọ ti ń pariwo. "Ñaña, má bínú. Kérésìmesì, mo fi Ọlọ́run búra."

Atacames! Etí òkun! Òun ń lọ wo òkun!

Mi ò pariwo. Mo ní, "Ó dáa, Efrén. Ẹ kí òkun fún mi." Mo pa fóònù, mo da repe náà fún ajá Targelia, odindi ìkòkò. Lẹ́yìn náà mo pe Arrayán pé mi ò wá mọ́. Ọmọ tó gbé fóònù ní kò burú, pọ́ìntì mi ti padà sí àyè wọn, gbogbo ẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kí n rántí ọgbọ̀n ọjọ́.

Mo tú ẹrù. Aṣọ pupa náà ni mo tú kẹ́yìn.


Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Bélú

Ọjọ́ àwọn òkú. Mo fi táksí gbé Ọ̀gá lọ sí ibojì Bàbá. A gbé búrẹ́dì tí wọ́n ṣe bí ọmọ ọwọ́ dání, a gbé colada morada, ohun mímu eléso ti ọjọ́ yìí, nínú fúláàsì, a jókòó. Èrò pọ̀ bí ọjà. Ó bi mí ẹ̀ẹ̀mẹta ta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáhùn.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ, láìsí ẹni tó bi í, pé: "Ó máa ń dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ Ẹtì. Á ní ebi ò pa òun títí o fi dé." Mi ò mọ̀ rí. Bàbá mi, tó jẹ́ pé bí mo bá wọlé, ohun tó máa ń sọ ò ju "O ti dé" lọ.

Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà, ká máa fi oúnjẹ sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ. Lisandro kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa, òun náà sì ní in.


Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Bélú

Ọjọ́ karùn-ún tó yẹ kí n ti wà níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní Loja. Ṣíọ̀.


Ọjọ́rú, 12 Oṣù Bélú

Mo tún fi orúkọ rẹ̀ wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lisandro Zambrano. Etí òkun yẹn, tó o bá sọ òkò, Zambrano lo máa bà. Ọ̀kan jẹ́ agbẹjọ́rò, ọ̀kan ń ta ede, ọ̀kan ti kú — mo yára wo ọjọ́ orí — ẹni ọgọ́rin ọdún ni, kì í ṣe òun. Mo pa á.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo kọ ọ́ báyìí, gbangba, kí n wò ó bóyá á dín kù. Kò dín kù. Àárò bó ṣe máa ń nu àwo kékeré yẹn pẹ̀lú áńkáṣíìfù kó tó fi dé kọfí mi. Ta ni á fi áńkáṣíìfù nu àwo òtẹ́ẹ̀lì?

Mo tún rò ó. Bí pọ́ìntì bá kú, kí ló kù láàárín wa? Nọ́ńbà mẹ́wàá yẹn nìkan ló mọ̀ lára mi. Ibẹ̀ nìkan ló lè bá mi. Àwọn oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀, ọdún mọ́kànlá. Kì í ṣe tèmi nìkan. Tiwa ni.

Nítorí náà kí n gbé ìgbéraga mi sílẹ̀, kí n lọ mu kọfí.


Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Bélú

Mo ti mu ún!

Targelia jókòó ti Ọ̀gá fún wákàtí kan. Kí n tó jáde, bàtà ti tún wọ abẹ́ ìrọ̀rí, nítorí náà sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ sí Arrayán, sálúbàtà ilé, nínú òtẹ́ẹ̀lì tó ní dígí káàkiri. Ọmọ tó gbé kọfí wá wo ẹsẹ̀ mi, ó gbójú sókè. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Kọfí kò burú. Kò sí àwo lórí ẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi dé e fún ìṣẹ́jú kan, mo ṣe bí ẹni tí òtútù ń mú lọ́wọ́.

Èrò pọ̀ nídìí káńtà, gbogbo wọn ń wo aago, Targelia sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó ń gba owó béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè níbi gbogbo, "Ṣé kí n kọ orúkọ sí rìsíìtì, àbí oníbàárà lásán?" Mo dá a lóhùn, mo gba rìsíìtì, mo sáré. Ó parí. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan á hàn.

Ọdún kan tún rèé. Mi ò lọ, ṣùgbọ́n mi ò pa á.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Bélú

Kò tíì hàn. Iye àtijọ́ náà ni. Sùúrù.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Bélú, àárọ̀

Kò hàn. Mo wá rìsíìtì nínú báàgì. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tó yẹ kí orúkọ mi wà: ONÍBÀÁRÀ LÁSÁN.

Yéè, Mireya! Orí rẹ ti dàrú!

Ẹnu mi ni. Ẹnu gbogbo wa ní orílẹ̀-èdè yìí. Ta ló ń fún wọn ní orúkọ nítorí búrẹ́dì, nítorí ọṣẹ? Nọ́ńbà mẹ́wàá, àdírẹ́sì, fóònù, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ máa pòṣé. Oníbàárà lásán, gbogbo èèyàn á wí, kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti wí i. Ọdún mẹ́ta tó kọjá, mo rántí. Lọ́tẹ̀ yìí, nítorí sálúbàtà àti fóònù Targelia, mo fi ẹnu ara mi sọ pé èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọjọ́ kan ààbọ̀. Targelia ti lọ sí Catamayo, ìrìbọmi ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọ̀la lọ́sàn-án ló ń bọ̀. Mo bẹ Ọ̀gá pé ká jọ wọ táksí lọ mu kọfí. Ó ní, "Kọfí wà nílé." Mo ní ti ibẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹni tó bá ní kọfí nílé tó ń lọ rà á níta, nǹkan mìíràn ló ń wá." Ó di ọwọ́ àga mú, kò dìde.

Ó dáa. Ọ̀la, aago méjì. Mo ti ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ bí àdúrà: orúkọ, orúkọ, orúkọ.


Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Bélú

Ọsibítù. Ọ̀gá yọ̀ ní balùwẹ̀ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bàtà mi ẹsẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lọ gbé e pamọ́ síbẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Ọ̀pẹ

Egungun kò ṣẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìbàdí rẹ̀ dúdú bí èso mora, wọ́n dì í, wọ́n ní kó sinmi. Aago mẹ́jọ alẹ́ àná ni wọ́n jẹ́ ká máa lọ. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti ibi kọfí Arrayán ní ọjọ́ Àìkú.

Mo wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó kéré bẹ́ẹ̀, kò fi bàtà sílẹ̀. Dókítà fẹ́ gbà á, ó kọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ fún un, kò ní lọ síbì kankan." Ó wá sọ ọ́, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò ṣi orúkọ mi pè: "Mireya, ilé máa ń dákẹ́ jù tí o bá lọ. Ọdún méjìlélógún. Mo máa ń ka ọjọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì."

Mo di í mú. Mo ní mo gbọ́, Màmá. Mo ní ẹ jẹ́ kí n gbé e dání fún yín.

Nǹkan tó ń jẹ mí lọ́kàn ní gbogbo oṣù yìí, òun náà ló ń jẹ ẹ́ láti ọdún gbọ́ọrọ. Èmi ni mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò lè bínú sí i mọ́. Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

Pọ́ìntì ti kú. Mi ò tíì wò ó. Kò sí ìdí láti wo òkú.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Ọ̀pẹ

Targelia gbé ọbẹ̀ adìyẹ wá. Ó rí ojú mi, ó ní, "Kí ló kú?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Ẹni tí kò ní òkú kì í nu ojú báyìí." Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Lisandro, kọfí, àwo, gbogbo ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Kò fi mí ṣẹlẹ́yà. Ó ní, "Ìwọ yìí! Ọdún mọ́kànlá, ẹ ò ní ẹnu ni?" Ó ní kí n lọ wo ojú ìwé pọ́ìntì náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n fi ojú mi rí i, kí n sunkún lẹ́ẹ̀kan, kó tán. Bí wọ́n ṣe ń wo òkú kí wọ́n tó sin ín.

Mo ní ó di ọ̀la.


Ọjọ́rú, 3 Oṣù Ọ̀pẹ

Kí n kọ ọ́ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Mo ṣí i lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ń retí òdo. Kì í ṣe òdo. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ṣì wà níbẹ̀, ó tún fi díẹ̀ lé sí i. Nísàlẹ̀: "Mireya wa ọ̀wọ́n, o ṣeun tí o tún wá bá wa."

Mi ò lọ bá ẹnikẹ́ni!

Mo rò pé wọ́n ṣàṣìṣe. Ibì kan wà tí èèyàn lè tẹ̀, tí yóò fi gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mi ò tẹ ibẹ̀ rí. Àpapọ̀ nìkan ni mo máa ń wò. Mo tẹ̀ ẹ́.

29 Bélú 2025. Manta. Bolón oníwàràkàṣì kan. Kọfí méjì.

Mo jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná. Mo tún wò ó. Mo sún un lọ sísàlẹ̀, nítorí pé nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀.

Kọfí kan ní Loja, lóṣù Ọ̀wàrà lọ́dọọdún. Tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, 30 Bélú 2024. Manta. Bolón kan. Kọfí méjì.

25 Bélú 2023. Manta. Bolón kan. Kọfí méjì.

26 Bélú 2022. Manta. Bolón kan. Kọfí méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn nínú Bélú, lọ́dọọdún, kò yẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì mọ ìṣirò. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rò pé èmi nìkan ni mò ń jí i. Òun náà ń lọ síbẹ̀, ó ń jókòó, ó ń sọ nọ́ńbà mẹ́wàá mi fún ọmọ tó wà ní káńtà, kò sọ pé oníbàárà lásán.

Ó lè jẹ́ pé ó ní ẹni tó ń mu kọfí kejì. Mo rò ó. Mo fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ nínú ìwé ara mi. Ẹlòmíì lè jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé obìnrin dání lọ mu kọfí, tí yóò sì fi pọ́ìntì rẹ̀ fún obìnrin mìíràn? Bolón kan ṣoṣo sì ni.

Mo pariwo. Targelia gbọ́ ọ láti ilé rẹ̀, ó sáré dé, ó rò pé Ọ̀gá ti tún ṣubú.


Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Ọ̀pẹ

Mo pe Manta. Ọmọbìnrin kan, ohùn rẹ̀ dùn. Mo ní mo fẹ́ yàrá tó kọjú sí òkun, alẹ́ méje, láti ọjọ́ ogún oṣù yìí, kí ìbàdí Màmá ti san. Bẹ́ẹ̀dì méjì. Ọ̀kan rẹlẹ̀, nítorí ìyá mi.

Lẹ́yìn náà mo béèrè. Mo ní, ẹni tó ń ra kọfí méjì. Ó rẹ́rìn-ín. "Hẹn-ẹn, Don Lisandro. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, Bélú nìkan la tún máa ń rí wọn, ṣùgbọ́n àbúrò wọn ń kó ẹja wá fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ ní iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán sí wọn ni?"

Mo ní mo ní in. Mo gbọ́ bó ṣe ń wá bírò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ orúkọ sí i, àbí kí n kàn ní oníbàárà kan ló pè?"

Mo ní, "Kọ orúkọ."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Orúkọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá. Nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Òpópónà wa, nọ́ńbà ilé, àwọ̀ ilẹ̀kùn. Fóònù, èyí tó jẹ́ tèmi. Mo ní kó kà á padà fún mi. Ó kà á padà. Mo ní kó tún kà á.

Ọ̀gá wà lórí àga, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo pa fóònù, bàtà rẹ̀ méjèèjì ti wà ní itan rẹ̀, tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ní, "Ọjọ́ Ajé la ń lọ?"

Mo ní, "Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Màmá. Èmi àti ẹ̀yin."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Kọfí méjì tí ẹ ń pariwo rẹ̀ láti àná yìí. Ọkùnrin náà mu ọ̀kan. Ta ló ni èkejì?"

Mo ní, "Èmi ni mo ni ín, Màmá. Mi ò tíì mu ún ni."